Gilbert Lewis: Ẹni tí ó sọ ẹyọ ìmọ́lẹ̀ ní photon

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Gilbert Newton Lewis, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wo ilé dáadáa kí ó tó sọ ọmọ tirẹ̀ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ilé tí ó wò náà wó láàárín ọdún díẹ̀, orúkọ tí ó sọ ọmọ sì dúró digbí. Photon ni orúkọ náà. Òun ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì káàkiri àgbáyé fi ń pe ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí ìmọ́lẹ̀ fi ń rin ìrìn àjò rẹ̀, ìbáà ṣe láti ara oòrùn tàbí láti ara àtùpà. Láti oṣù Kejìlá, ọdún 1926, tí Lewis ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú ìwé ẹ̀kọ́, ó ti wọ ilé ìwòsàn, ó sì ti wọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe okùn onígíláàsì tí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ń gbà kọjá lábẹ́ òkun. Ṣùgbọ́n ohun tí Lewis fúnra rẹ̀ rò pé òun ń sọ lórúkọ kò sí láyé. Kò tiẹ̀ sí rí.

Ìlú Weymouth, nítòsí Boston ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹwàá, ọdún 1875. Agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀. Ọmọdé ni ó ṣì wà nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí ìlú Lincoln ní Nebraska, níbi tí pápá koríko ti tẹ́ lọ salalu tí ojú kò fi lè tó òpin rẹ̀. Ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ ní ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí kíláàsì bí àwọn ọmọ yòókù, bóyá ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́ àṣà pé kí ènìyàn dá ronú, kí ó má ka ohun tí àwọn yòókù ń wí sí. Àṣà náà gbè é ní ayé rẹ̀, ó sì tún pa á lára.

Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní yunifásítì Nebraska, ó kọjá sí Harvard, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì níbẹ̀ ní ọdún 1899. Ní ayé ìgbà náà, Jámánì ni ojúbọ kẹ́mísírì. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ kò tíì lè sọ pé òun mọ iṣẹ́. Nítorí náà Lewis lọ. Ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Wilhelm Ostwald ní Leipzig, ó sì ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Walther Nernst ní Göttingen. Ọ̀rọ̀ òun àti Nernst kò wọ̀ rárá. Lẹ́yìn tí ó padà sílé, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́ka àṣìṣe inú iṣẹ́ Nernst nínú ìwé tí gbogbo ayé ń kà, Nernst náà kò sì jẹ́ ẹni tí ń gbàgbé. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí ó ń bọ̀ wá ní ìtumọ̀ níwájú.

Harvard kò bá a lára mu mọ́ nígbà tí ó padà dé. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1902, ó ya àwòrán átọ́ọ̀mù bí àpótí onígun mẹ́rin, ó sì fi àwọn electron sí igun rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ohun tuntun gbáà ni èyí ní ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní ọdún 1904, ó gba iṣẹ́ ìjọba lọ sí Manila ní ilẹ̀ Philippines, níbi tí ó ti ń ṣe alábòójútó òṣùwọ̀n. Ọdún kan ni ó lò níbẹ̀ kí ó tó dé ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Massachusetts, èyí tí wọ́n ń pè ní MIT. Níbẹ̀, ní ọdún 1908, ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ̀wé gbè sẹ́yìn ìmọ̀ tuntun tí Albert Einstein gbé jáde nípa àyè àti àkókò. Onímọ̀ kẹ́mísírì ni Lewis, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í kúrò lára oko ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1912, yunifásítì California ní Berkeley pè é kí ó wá ṣe olórí ẹ̀ka kẹ́mísírì. Ọdún náà gan-an ni ó fẹ́ Mary Hinckley Sheldon ní ìyàwó. Berkeley ni ó gbé títí tí ó fi kú, ó sì sọ ibẹ̀ di ọ̀kan lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń kọ́ kẹ́mísírì dáadáa jù lọ láyé. Ìpàdé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni agbára rẹ̀. Yóò mú sìgá ńlá dání, yóò jókòó sí ipò rẹ̀ nídìí tábìlì, ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà, ìbáà ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá, ló sì láǹfààní láti béèrè ìbéèrè tàbí kí ó ta ko ọ̀gá. Àwọn tí wọ́n gba oyè ọ̀mọ̀wé ní abẹ́ òrùlé yìí, tí wọ́n sì padà gba ẹ̀bùn Nobel, kì í ṣe ẹyọ kan: Harold Urey gbà á ní 1934, William Giauque ní 1949, Glenn Seaborg ní 1951, Willard Libby ní 1960. Ọ̀gá wọn kò gbà á rí.

Ní ọdún 1916, Lewis tẹ iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ ní ayé rẹ̀ jáde. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé kí ni ó ń so átọ́ọ̀mù kan mọ́ èkejì? Ìdáhùn Lewis ni pé electron méjì ni, tí átọ́ọ̀mù méjèèjì jọ ni. Ó dà bí ìgbà tí ẹni méjì bá dá owó sínú àpótí kan, tí kálukú wọn sì ń ka gbogbo owó inú àpótí náà mọ́ ohun ìní tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá lọ, ó pàdánù, nítorí náà wọn kì í fẹ́ pínyà. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì láyé òní ni ó mọ àmì tóótòòtó tí Lewis fi ya àwọn electron wọ̀nyí.

Ogun Àgbáyé Kìíní ló fà á kúrò nídìí iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1918, ó wà ní ilẹ̀ Faransé pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè dáàbò bo ara wọn lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ olóró. Láàárín àkókò yìí ni Irving Langmuir, onímọ̀ kan ní ilé iṣẹ́ General Electric, gba ọ̀rọ̀ electron méjì náà, ó fẹ̀ ẹ́ sí i, ó sì ń kiri pẹ̀lú rẹ̀. Ahọ́n Langmuir mú, ó mọ bí a ti ń dúró níwájú èrò, èyí tí Lewis kò mọ̀. Ní ọdún 1919, Langmuir sọ ìdè náà lórúkọ, ó pè é ní covalent, orúkọ náà sì ni gbogbo ayé gbà. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo rẹ̀ ní ìmọ̀ Langmuir. Langmuir kò sọ pé òun ni ó kọ́kọ́ ronú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ ọmọ lórúkọ ni àwọn àlejò ń rò pé ó bí i, ó sì dun Lewis.

Ọdún méje lẹ́yìn náà, Lewis fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú ohun kan náà fún Einstein.

Ní ọdún 1905 ni Einstein ti sọ pé ìmọ́lẹ̀ kò kàn ń ṣàn bí ìgbì omi nìkan, pé ní ọ̀nà kan, ó ń wá lẹ́yọ lẹ́yọ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwọ̀n agbára tirẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ onímọ̀ físíìsì ni kò gbà á gbọ́ fún bíi ogún ọdún, nítorí ẹ̀rí pé ìgbì ni ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jọjọ. Ní ọdún 1923 ni Arthur Compton, ará Amẹ́ríkà, fi ìtànṣán X-ray hàn pé ó ń kọlu electron, tí ó sì ń ta padà, gẹ́gẹ́ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń kọlu bọ́ọ̀lù. Láti ìgbà náà ni àwọn alátakò bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹyọ ìmọ́lẹ̀ yìí kò tíì ní orúkọ tí ó rọrùn lẹ́nu. Àwọn ará Jámánì ń pè é ní Lichtquant, àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní light quantum, èyí tí ó jẹ́ àpèjúwe ju orúkọ lọ.

Lewis kò jókòó láti wá orúkọ fún ohun tí Einstein rí. Ohun mìíràn ni ó ń ro. Ó ti ń sọ ní ọdún 1926 pé átọ́ọ̀mù kan kò lè tú ìmọ́lẹ̀ dànù sínú òfìfo, àfi bí átọ́ọ̀mù mìíràn bá wà níbìkan tí yóò gbà á, ìbáà ṣe ní ìràwọ̀ tí ó jìnnà réré. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé orí èrò kan tí ó ya àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu. Ó ní ó ṣeé ṣe kí irú átọ́ọ̀mù tuntun kan wà tí ẹnì kan kò lè dá, tí ẹnì kan kò sì lè pa run. Inú átọ́ọ̀mù lásán ni yóò máa gbé. Ní ìṣẹ́jú kan, yóò jáde, yóò gbé agbára ìmọ́lẹ̀ lọ sí ibòmíràn, yóò tún wọlé sínú átọ́ọ̀mù mìíràn, yóò sì jókòó síbẹ̀. Gbogbo iye wọn ní ayé kò ní pọ̀ sí i, kò sì ní dín kù. Nítorí pé díẹ̀ bíńtín nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ni nǹkan yìí fi ń jẹ́ ìmọ́lẹ̀, Lewis rí i pé kò tọ̀nà láti pè é ní ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tàbí ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀. Ó nílò orúkọ tuntun fún un. Ibi tí photon ti wá nìyẹn, nínú lẹ́tà tí ó jáde nínú Nature ní ọjọ́ 18, oṣù Kejìlá, ọdún 1926. Kò gùn ju ojú ìwé méjì lọ.

Èdè Gíríìkì àtijọ́ ni ó ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ. Phos ni àwọn Gíríìkì ń pe ìmọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé nǹkan jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀, phos a di photos. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí etí Yorùbá bí ènìyàn ṣe lè rò, nítorí ara rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó di fọ́tò lẹ́nu wa. Ní ọdún 1839 ni John Herschel, onímọ̀ ìràwọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú ọ̀rọ̀ photography wá sí etígbọ̀ọ́ àwọn onímọ̀, ìyẹn fífi ìmọ́lẹ̀ kọ nǹkan. Ẹni tí ó bá ní òun ń lọ ya fọ́tò ní Ìbàdàn tàbí ní Kútọnu ti fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì sẹ́nu láìmọ̀.

Ìdajì kejì ọ̀rọ̀ náà ni ó ní ọgbọ́n nínú. Ní ọdún 1891, George Johnstone Stoney, ará Ireland, ti pe ẹyọ iná mànàmáná ní electron. Orúkọ tí àwọn Gíríìkì ń pe oje igi àtijọ́ tí ó ti le bí òkúta, èyí tí ó máa ń fa ìyẹ́ àti koríko gbígbẹ mọ́ra bí a bá fi aṣọ nù ún, ni ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ti wá. Ní ọdún 1920, Ernest Rutherford mú orúkọ proton jáde láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún àkọ́kọ́. Nítorí náà, nígbà tí Lewis fi -on parí orúkọ tirẹ̀, ó mú ìmọ́lẹ̀ wọ agbo ilé electron àti proton. Kì í ṣe agbára kan tí ń fẹ́ lọ bí atẹ́gùn mọ́. Ó ti di ohun tí a lè kà ní oókan, èjì, ẹ̀ta. Ohun tí àwọn onímọ̀ físíìsì ń wá gan-an nìyẹn.

A kò lè sọ pé òun ni ó kọ́kọ́ pe ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1916, Leonard Troland, ará Amẹ́ríkà tí ń ṣe ìwádìí lórí ojú, ti lo photon fún òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ń wọ ẹyinjú. Ní 1921, John Joly ní Dublin lò ó nígbà tí ó ń ṣàlàyé bí ojú ṣe ń rí àwọ̀. Ní oṣù Keje, ọdún 1926 kan náà, Frithiof Wolfers, onímọ̀ físíìsì tí ń kọ̀wé lédè Faransé, tún lò ó fún ẹyọ ìmọ́lẹ̀. Kò sí àmì pé Lewis mọ̀ nípa ìkankan nínú wọn. Ó wu Troland pé kí òṣùwọ̀n rẹ̀ máa jẹ́ photon, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn onímọ̀ físíìsì, wọ́n yí orúkọ òṣùwọ̀n náà padà sí troland. Ó pàdánù ọ̀rọ̀, ó sì jèrè pé orúkọ ara rẹ̀ wọ inú ìwé. Lewis kò rí irú ère bẹ́ẹ̀ gbà lórí photon.

Láàárín oṣù mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ náà ti gba ìlú. Compton fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń lò ó. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1927, nígbà tí àwọn àgbà onímọ̀ físíìsì péjọ ní Brussels fún ìpàdé Solvay, tí Einstein, Marie Curie, Niels Bohr àti Max Planck jọ jókòó ya fọ́tò kan tí ó lókìkí títí dòní, àkọlé ìpàdé náà lédè Faransé ni electron àti photon. Lewis kò sí níbẹ̀. Ohun tí gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń pe photon ni ẹyọ ìmọ́lẹ̀ Einstein. Wọ́n mú orúkọ, wọ́n fi ohun tí Lewis sọ lórúkọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n sì ní ìdí. Bí ènìyàn bá tan àtùpà nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn, àìlóǹkà photon ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé láti ara iná náà. Wọn kò fara pamọ́ síbì kan tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá kan aṣọ dúdú, wọ́n tán nìyẹn. Aṣọ náà yóò gbóná díẹ̀, kò sì sí photon mọ́. Agbára ni kì í parun. Iye photon ń pọ̀, ó sì ń dín kù nígbà gbogbo. Ohun tí Lewis gbà gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ gan-an, pé iye wọn kò lè yí padà, ni ó jẹ́ irọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí òun náà tó jáwọ́ nínú rẹ̀. Ìtàn kò sábà ṣe irú eré báyìí: ní 1916, Lewis ló ronú, ẹlòmíràn ló sọ ọ́ lórúkọ, ní 1926, ẹlòmíràn ló ti ronú, Lewis ló sọ ọ́ lórúkọ, nípasẹ̀ àṣìṣe.

Ọdún 1933 tún gbé e dìde. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́, Urey, ti rí irú hydrogen kan tí ó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lewis ni ó kọ́kọ́ rí omi wíwúwo tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ pátápátá ṣe láti ara rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n fún Urey nìkan ní ẹ̀bùn Nobel kẹ́mísírì. Langmuir ti gba tirẹ̀ ní 1932, lórí iṣẹ́ mìíràn. Ìgbà 41 ni wọ́n dárúkọ Lewis fún ẹ̀bùn yìí láyé rẹ̀. Àwọn òpìtàn kan gbà pé ọ̀rẹ́ Nernst tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ ní Sweden kò ràn án lọ́wọ́. Àwọn mìíràn sì sọ pé Lewis fúnra rẹ̀ kì í rìnrìn àjò, kì í wá ojúrere. Òtítọ́ lè wà nínú méjèèjì. Ní 1934 yìí kan náà ni ó kọ̀wé fi ẹgbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà sílẹ̀.

Ní òpin ayé rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni ó padà sí. Àwọn ohun kan wà tí wọn yóò máa tàn fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa iná tí a tàn sí wọn. Phosphorescence ni wọ́n ń pe irú títàn bẹ́ẹ̀, láti ara phos kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún rírù: ẹni tí ó ru ìmọ́lẹ̀, orúkọ tí àwọn Gíríìkì fún Àgùàlà nígbà tí ó bá yọ ní òwúrọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà ní ilẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè ṣàlàyé dáadáa ìdí tí ìmọ́lẹ̀ náà fi ń pẹ́ kí ó tó kú. Ní ọdún 1944, Lewis àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Michael Kasha, fi hàn pé electron méjì inú mólékù náà ti wọ ipò kan tí kò rọrùn láti tètè padà kúrò nínú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sọ ohunkóhun lórúkọ, iṣẹ́ náà sì dúró títí dòní.

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 23, oṣù Kẹta, ọdún 1946, Langmuir wá sí Berkeley gẹ́gẹ́ bí àlejò. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Lewis bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ta káàdì díẹ̀, ó sì padà sí yàrá ìwádìí rẹ̀, níbi tí ó ti ń fi hydrogen cyanide olómi, májèlé líle kan, ṣe àyẹ̀wò. Kò tó wákàtí méjì lẹ́yìn náà tí wọ́n fi bá òkú rẹ̀ nílẹ̀ nídìí tábìlì iṣẹ́. Ẹni àádọ́rin ọdún ni. Nítorí àlejò ọjọ́ náà àti májèlé inú yàrá, onírúurú ọ̀rọ̀ ni àwọn ènìyàn ti sọ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n àrùn ọkàn ni ẹni tí ìjọba rán láti yẹ òkú náà wò kọ sílẹ̀, kò sì rí àmì májèlé lára rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1948, yunifásítì náà parí ilé tuntun kan fún ẹ̀ka kẹ́mísírì, wọ́n sì sọ ọ́ ní Lewis Hall.